Kílò Kan Lórí Àpò Kajú

Ìjíròrò láàrin ọkùnrin kan tó ti Ìlẹ̀ṣà dé sí Manigri, lágbègbè Bassila ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́, tí kò fi ilé sílẹ̀ rí.



ARÁ ILÉ: Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà ní Nàìjíríà ń dáwó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Inú mi dùn. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

ARÁ ÀJÒ: Kíláàsì la fẹ́ kọ́. Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ìlẹ̀ṣà. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, láyé òyìnbó amúnisìn. Wọn ò jókòó de ìjọba. Ọmọ ìlú ló gbìmọ̀, ọmọ ìlú ló tuwó jọ.

ARÁ ILÉ: Wọ́n ṣe bẹbẹ. Ohun tó ń dùn wọ́n nígbà náà ni wọ́n fowó tọ́jú. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń dùn wá. Ní 2006 ni ìjọba fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, a sì kó àwọn ọmọ lọ. Ìgbà tí ọmọ bá gba CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

ARÁ ÀJÒ: Báwo?

ARÁ ILÉ: Ọmọ abúlé oko tó yege gbọ́dọ̀ wá sí Manigri tàbí Bassila kó tó rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀. Níbo ni yóò sùn? Bàbá rẹ̀ á gbé gàrí àti iṣu tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. Tó bá fi máa di ọdún tuntun, ó ti tán. Ti ọmọbìnrin tún le jù. Ẹni tó gbà á sílé á gbé igbá lé e lórí, á ní kó kiri ọjà kó tó fọwọ́ kan ìwé. Òótọ́ ni pé ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lórí ọmọbìnrin ní kíláàsì ìsàlẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ ta ló ń san owó yàrá? Ta ló ń ra epo àtùpà? Àwọn olùkọ́ míì sì wà tó jẹ́ pé àwa òbí là ń fún wọn lówó oṣù. Bí a bá pẹ́ san án, wọ́n á bá tiwọn lọ, kíláàsì á sì dákẹ́.

ARÁ ÀJÒ: Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá ọmọ kan tó mọ̀wé jù, ká fi gbogbo owó náà rán an dé yunifásítì.

ARÁ ILÉ: Ṣé ọmọ Manigri-Ikanni ni àbí ti Manigri-Oké? Ọjọ́ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ni ìdajì ìlú máa káwọ́ kúrò nínú owó yẹn.

ARÁ ÀJÒ: Àwọn Ìbíbíò ní Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀. Ní 1938, ẹgbẹ́ wọn rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Udo Udoma wà lára wọn. Ó kàwé òfin ní Dublin, ó sì di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè Uganda ní 1963.

ARÁ ILÉ: Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Ká má kàn dúró síbẹ̀. Ká pín owó náà sí ọ̀nà méjì. Apá kan á jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀: owó olùkọ́, ìwé kíkà, bẹ́ǹṣì. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí á jọ kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, a ó sì kà á sétí gbogbo ènìyàn. Apá kejì á jẹ́ ti àwọn ọmọ: yàrá àti oúnjẹ fún àwọn tó ti abúlé wá, títí wọ́n á fi ṣe BEPC, ìdánwò ìparí kíláàsì ìsàlẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

ARÁ ÀJÒ: Owó àwa ará ẹ̀yìn odi nìkan ò lè gbé gbogbo ìyẹn.

ARÁ ILÉ: Kò sì yẹ kó gbé e. Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni kajú ń mówó wọlé níbí, àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá fi máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, owó ti lọ sí ìgbéyàwó àti páànù. Orí òṣùwọ̀n ni ká ti gbà á. Bí àpò bá wọn 80 kílò, kí àgbẹ̀ yọ kílò kan fún ilé-ẹ̀kọ́. Kò ní dun ẹnikẹ́ni, tálákà àti olówó á sì san án bí oko kálukú ṣe tó.

ARÁ ÀJÒ: Ta ló máa di owó náà mú? Owó ìlú ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọ̀tá ara wọn.

ARÁ ILÉ: Àpótí alágàdágodo mẹ́ta, bíi ti ẹgbẹ́ èésú àwa obìnrin. Kọ́kọ́rọ́ kan á wà lọ́wọ́ ará Ikanni, ọ̀kan lọ́wọ́ ará Oké, ọ̀kan lọ́wọ́ ará abúlé oko. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó bá parí oṣù, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde.

ARÁ ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Màá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ká dá kíláàsì tí a fẹ́ kọ́ dúró ná. Iye tí kajú bá mú wá, àwa náà á fi iye kan náà lé e. Ẹni tí kò bá san kílò tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ rẹ̀ á jẹ níbẹ̀?

ARÁ ILÉ: Á jẹ. Ẹni tí kò ní oko kajú rárá, ọmọ tirẹ̀ ni ebi máa kọ́kọ́ lé kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, kò sì ní bi wá léèrè bóyá bàbá òun sanwó kó tó tà á. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kó jẹ́ ìlà àkọ́kọ́.