Nígbà tí Ọkọ̀ Mi Kò Gbọ́ Ohùn Mi Mọ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí a pààrọ̀ rédíò ọkọ̀ mi ní Ọ̀fà níhìn-ín, orin rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá ní kí ó pe bàbá àwọn ọmọ, yóò pè é. Ní ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìtọ́jú ilé na ọwọ́ sí fóònù tó ń dún. Kí n tó gbójú sókè, ọlọ́kadà ti wà níwájú mi, ọmọ mi sì ń sùn lẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ní ọjọ́ kejì, rìwáyà tú àjà ọkọ̀. Gbohùngbohùn àtijọ́ kò bàjẹ́. Ẹnu wáyà rẹ̀ ni kò bá rédíò tuntun mu. Ó gé e, ó sì fi òjé jó ẹnu tuntun, oní-mìlímítà 3.5, mọ́ ọn: wáyà tó ń gbé ohùn sí àyè rẹ̀, ìkejì sí tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá pààrọ̀ rédíò, ẹ fi ohùn pe ẹnìkan kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá dáhùn, kí fóònù wà nínú àpò títí ẹ ó fi dúró. Owó rìwáyà kò tó nǹkan. Ta ni yóò dá iye lé ọmọ?