Ìrìn Àjò Wa sí Òkè Kẹ́ńyà

Àwa tí a ń gbé Jọ́ọ̀s ti máa ń rò pé a mọ òtútù. Nígbà tí àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ lọ gun Òkè Kẹ́ńyà, a rí i pé ọmọdé ni òtútù tiwa.

Jọ́ọ̀s ga tó bí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Batian, ṣóńṣó tí ó ga jù lórí òkè náà, jẹ́ 17,057. Ìlà tí ó la ayé sí méjì kọjá nítòsí rẹ̀, síbẹ̀ yìnyín wà lórí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àwọn Kíkúyú ń pè é ní Kirinyaga. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Ngai, Ọlọ́run wọn, ń gbé. Ní 1899 ni Halford Mackinder, ará Gẹ̀ẹ́sì, àti amọ̀nà méjì kọ́kọ́ dé téńté Batian. Ní 1949 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀ ní ọgbà orílẹ̀-èdè.

Okùn ni wọ́n fi ń gun Batian. Lenana ni àwa ń lọ, 16,355 ẹsẹ̀ bàtà, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé nǹkan bí 13,800, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ẹ̀gbọ́n wa, ó sì ń bì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. A ti yára jù. Amọ̀nà ní kò sí oògùn tí ó dà bí kí a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ máa lọ, ẹ fi mí sílẹ̀.” Ọdún méjì ni a fi tu owó àjò yìí jọ! Síbẹ̀, ẹni tí a bá jọ jáde nílé ni a jọ ń padà.

Ní òwúrọ̀, kí a tó yí padà, yìnyín náà ń tàn báláú lórí àpáta. Amọ̀nà fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí ó dé nígbà èwe rẹ̀: àpáta lásán ni. Ayé ń gbóná sí i, yìnyín ń yọ́ lọ.

Nígbà tí a sọ̀ dé 10,000, ẹ̀gbọ́n béèrè oúnjẹ. Ẹ̀rín pa wá, omi sì bọ́ lójú wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí yìnyín yìí, kí ó tètè lọ. Bí ó bá débẹ̀, kí ó rọra gùn ún. Kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o.