Ẹsẹ̀ Ti Yá, Ìwé Ni Kò Dé!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ Nàìjíríà bá já kulẹ̀ nínú eré ìje lókè òkun, ta la máa ń bú? Eléré náà ni. A ó ní kò múra, a ó ní fàájì ló ń ṣe kiri. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lásìkò, kò sẹ́ni tó ń bú u, torí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwa ará Surulere, Yaba àti Mushin kì í ṣe àjèjì sí eré ìdárayá. Àdúgbò wa ni pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ti ṣe Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní 1973 wà. Ibẹ̀ náà ni Green Eagles ti na Algeria ní 3-0, tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1980. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo gan-an ni ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè yìí ń ṣe? Kì í ṣe kí wọ́n kàn wọ kóòtù, kí wọ́n wọ bàálù. Iṣẹ́ ìwé ni: kí wọ́n yan eléré, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n rí i pé àyẹ̀wò oògùn rẹ̀ pé. Eléré kò lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Òlíḿpíìkì. Òfin kò gbà á.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Mushin, àwa mẹ́rin la jọ ń sá eré ìje tí à ń gba igi lọ́wọ́ ara wa. Odidi táàmù kan la fi múra. Ọjọ́ pé, a débẹ̀, wọ́n ní orúkọ ilé-ìwé wa kò sí nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù kò dá a padà! Ọ̀kan nínú wa sunkún títí a fi délé. Ti ọmọ iléèwé nìyẹn o. Ti àgbà ńkọ́?

Ní oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí Òlíḿpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Tokyo, wọ́n ní eléré mẹ́wàá láti Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ kópa. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn o! Òfin ni pé kí wọ́n ti yẹ eléré orílẹ̀-èdè bíi tiwa wò lójijì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín oṣù mẹ́wàá ṣáájú ìdíje. Tiwọn kò pé. Ojúṣe AFN, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré sísá wa, ni láti rí sí i. Àwọn eléré náà kọ ẹ̀hónú sórí páálí, wọ́n gbé e kiri ní Tokyo.

Ọ̀kan nínú wọn ni Annette Echikunwoke. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, tiwa ló sì yàn. Irin ribiti tí wọ́n so mọ́ wáyà ló máa ń fì, fì, fì, kó tó jù ú lọ réré. Lẹ́yìn Tokyo, ó gba ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà lọ. Ní Paris ní 2024, ó gba fàdákà fún wọn. Nàìjíríà ńkọ́? Kò gba góòlù, kò gba fàdákà, kò gba bàbà!

Ní Paris yẹn kan náà, Favour Ofili, tó wà nínú àwọn mẹ́wàá ti Tokyo, kígbe síta pé wọn kò fi orúkọ òun sílẹ̀ fún eré 100 mítà, bẹ́ẹ̀ òun ti yege fún un. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn!

Òlíḿpíìkì 2028 ń bọ̀ ní Los Angeles. Àwọn ọmọ tó ń sáré ní ìdájí létí títì Surulere ń fojú sọ́nà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ orúkọ eléré jáde nínú ìwé ìròyìn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú iye àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un. Èyí tó bá kù, a ó tètè rí i, a ó sì pariwo. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe rí i sí? Ẹ kọ̀wé sí wa.