Ọyẹ́ Dé, Súwẹ́tà Wo La Fẹ́ Rà N'Ípàtà?

Ẹran tútù ni wọ́n fi ń dá ọjà Ìpàtà mọ̀ n'Ílọrin. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní oṣù Kọkànlá, súwẹ́tà ọmọdé làwọn ìyá ń wá kiri.

Abiyamọ kan di èyí tí wọ́n hun lójú-lójú bí àwọ̀n mú. Àrà rẹ̀ wù ú.

"Owó ló yẹ kí n gbà lọ́wọ́ ẹ," ni Àlàájà tó ń tà á wí, "ṣùgbọ́n atẹ́gùn á gba inú ìyẹn kọjá. Mú èyí tí wọ́n hun pẹ́kípẹ́kí, tó ní bọ́tìnnì níwájú."

Òótọ́ ni o! Ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣe òtútù Lọ́ńdọ̀nù: ó ń mú láàárọ̀, oòrùn ń ta lọ́sàn-án. Ta ló fẹ́ máa fa súwẹ́tà gba orí ọmọ tó ti sùn?

Abiyamọ náà ṣì ń wo alárà. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wúkọ́. Ó bá sanwó oníbọ́tìnnì.