Èwo Ni Ti Kọ́sìn?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fídíò láti Chicago. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu wa lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀, tó béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró rárá kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé kọ́sìn òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí onítọ̀hún dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù tán, tí mo dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Èwo ni ti kọ́sìn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá sílé wa, òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Òun ló ń mú mi lọ sílé ìwé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, òun náà ló sì máa ń yọ ẹran inú abọ́ mi nígbà tí màmá mi bá yíjú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí nínú ilé wa pé kì í ṣe ọmọ ìyá mi. (Lójúkojú, “ẹ” ni mo máa ń lò fún un. “Ó” tí mo ń kọ níbí, kó má baà rú yín lójú ni.)

Òun náà ló fi orin mọ̀ mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bàbá mi máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì Jim Reeves sí i, bíi ti ọ̀pọ̀ bàbá nílẹ̀ Yorùbá. Jim Reeves ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1964, kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ Àìkú tí kì í bá wa jẹun. Bí Jim Reeves bá ti parí, King Sunny Adé ló kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fi etí mú un pé ohun èlò kan náà ń ké nínú orin àwọn méjèèjì: gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yí okùn rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń fà bí ẹni ń sunkún. Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á fún Sunny. Àwọn olórin kọ́ńtírì Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ohun èlò yìí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Wilco.

Chicago ni Wilco fi ṣe ilé. Ọdún 1994 ni Jeff Tweedy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, Uncle Tupelo, túká. Orin kọ́ńtírì ni ìpìlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣe kí wọ́n má tú u wò, bí ọmọdé tó ń tú rédíò láti mọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Nígbà tí wọ́n gbé Yankee Hotel Foxtrot fún ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde ní 2001, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n gbé e sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2002, Nonesuch rà á, ó gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ abẹ́ olówó kan náà ni Nonesuch àti ilé iṣẹ́ tó kọ̀ ọ́ wà! Àkọlé yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe lẹ́tà Y, H àti F lórí rédíò ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìmọ̀ fonọ́lọ́jì, ẹ lọ wo ìdí tí wọ́n fi yan irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, àwo tuntun wọn jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀, láìkọ nǹkan kan tẹ̀lé e. Mo wo àkọlé rẹ̀: Cousin.

Ara mi gbóná. Mi ò tíì sọ fún un pé inú mi bàjẹ́ látọjọ́sí, mo kàn ń fi iṣẹ́ pírójẹ́ẹ̀tì ṣe àwáwí bó bá pè. Mo wá rò pé ó ti fura, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò dáhùn. Ṣùgbọ́n lálẹ́, mo gba dátà lọ́wọ́ ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, mo sì gbọ́ ọ.

Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, Infinite Surprise, bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó wá parí sínú ariwo tó ń ta pàràpàrà bí rédíò tí kò mú ìkànnì. Mo rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Ten Dead, lórí ìròyìn ìbọn tí wọ́n ń yìn pa ara wọn ní Amẹ́ríkà, ni mi ò lè gbọ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Pittsburgh. Ohùn Tweedy rọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Àwo ti ọdún 2022, Cruel Country, orin kọ́ńtírì gidi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú èyí, ẹ ní láti tẹ́tí kí ẹ tó mọ̀ pé kọ́ńtírì ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ní tòótọ́, orin bíi méjì nínú rẹ̀ sú mi.

Tweedy ṣàlàyé àkọlé náà. Ó ní òun rí ara òun bíi kọ́sìn ayé yìí: kì í ṣe ẹbí tòótọ́, bóyá kọ́sìn nípasẹ̀ ìgbéyàwó. Ìyẹn ló tún dá kún un. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló sọ yẹn, pé kọ́sìn ni ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò wọlé, tí kò sì lọ.

Mo sá lọ sínú ìwé. Ní 1949, Murdock pín ètò ọ̀rọ̀ ìbátan sí mẹ́fà. Tiwa jọ èyí tó pè ní ti Hawaii, níbi tí ọmọ ìyá ẹni àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. (Láti Hawaii náà ni gìtá onírin yẹn ti dé Amẹ́ríkà. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín.) Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá inú kan náà ló bí yín. Cate Le Bon tó darí iṣẹ́ àwo yìí, ọmọ Wales ni, ó sì ti fi èdè Welsh kọrin. Èdè yẹn ní tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: cefnder ni ọkùnrin, cyfnither ni obìnrin. Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ dáyé ló fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe pé a ò mọ ìyàtọ̀ o. Iyèkan wà, ọbàkan wà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pe ènìyàn ní iyèkan láti yàrá kejì pé kó wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lẹ máa pè é.

Mo ti ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ bí agbẹjọ́rò kí n tó rántí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí mo wá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ni. Wọ́n ní kí n kọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kọ brọ́dà sí iwájú rẹ̀. Akọ̀wé wò ó, ó ní kí ló dé tí orúkọ bàbá wa ò bára mu. Oòrùn mú, àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ti ń kùn. Mo gba bírò padà, mo fa ìlà sórí brọ́dà, mo kọ kọ́sìn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó bá mi di fáìlì mú.

Mo pè é lóru ọjọ́ yẹn. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú.” Ó ní kí ni mo ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọjọ́sí ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Mo rí i nígbà tó o kọ ọ́.” Mo bi í bóyá torí ẹ̀ ló ṣe pè mí ní kọ́sìn níṣojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ wo? Kò tilẹ̀ rántí.

Ó wá bi mí pé orin wo ló dùn jù nínú àwo náà. Mo ní Pittsburgh. Ó ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, Evicted ni. Mo ní irọ́ ni. A fà á títí dátà fi tán lórí fóònù mi.