Ìsinmi Wa ní Burgundy, àti Ohun tí Ọmọdé Kọ́ Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ní àárín ilẹ̀ Faransé, nínú oṣù Keje ọdún tí ó kọjá, ni ó tó yé àwa fúnra wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pe àwa tọkọtaya wá lo ìsinmi. Kì í ṣe pé ó ń wa ọkọ̀ òfurufú gba owó. Ó kọ́ ọ, ó yege, a sì fún un ní ìwé àṣẹ láti máa fò fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó háyà kò gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ. Kí a tó wọ̀ ọ́, ó ní kí a gun òṣùwọ̀n, àwa àti ẹrù wa, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyàwó wa kò jẹ́ kí a ka tirẹ̀ sókè. Etí ọmọ náà ni ó sọ ọ́ sí.

A wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, a sì la òkun já sí Le Touquet, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti yẹ ìwé ìrìnnà wa wò. A rántí Louis Blériot, ọmọ Faransé, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú abìyẹ́ la omi yìí kọjá ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 37. Láti ibẹ̀ ni a ti fò lọ sí Beaune ní ilẹ̀ Burgundy. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a rí àwọn ọgbà àjàrà ní ìlà ní ìlà, bí orí obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Ní Beaune ni ilé ìwòsàn tálákà kan wà, tí Nicolas Rolin, olórí àwọn ìjòyè Dúùkù ti Burgundy, àti aya rẹ̀, Guigone de Salins, dá sílẹ̀ ní ọdún 1443. A tẹ́ ibùsùn sí apá ọ̀tún àti apá òsì gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, a sì kọ́ ilé àdúrà sí ìpẹ̀kun, kí aláìsàn lè máa gbọ́ ìsìn lórí ẹní rẹ̀. Títí di ọdún 1971 ni a fi ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Àwọn olóore ti fi ọgbà àjàrà ta ilé náà lọ́rẹ, láti ọdún 1859 ni a sì ti ń ta wáìnì rẹ̀ ní gbàǹjo lọ́dọọdún fún iṣẹ́ àánú.

Ní ọjọ́ Sátidé, a fò lọ sí Mâcon, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 80, tí kò gbà wá ní ìdajì wákàtí. A wọ mọ́tò lọ sí Cluny. Ní ọdún 910 ni Dúùkù ti Aquitaine fi ilẹ̀ náà fún àwọn mọ́ńkì. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1088 gùn ní mítà 187. Kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ayé Kristẹni títí a fi kọ́ ti Pétérù Mímọ́ tuntun ní Róòmù. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọdún 1789 a tà á, a sì wó o. Díẹ̀ ni ó kù. Kò jìnnà síbẹ̀ ni abúlé Taizé wà, níbi tí Roger Schutz dé ní ọdún 1940, tí ó sì fi àwọn tí ogun ń lé pamọ́, Júù pẹ̀lú. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ gbogbo ń wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kọrin àdúrà ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Èyí tí ó tóbi ti wó. Èyí tí ó kéré ń pe ayé jọ.

Ní abúlé Faransé, bí agogo méjì ọ̀sán bá ti kọjá, iná ìdáná ti kú. Nítorí náà ni a ṣe yára lọ jẹun. Ìgbín ni a kọ́kọ́ gbé wá, nínú ìkarahun rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tà, aáyù àti ewé. Ìyàwó wa wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kò jẹ́ kí ó dàgbà!" Lẹ́yìn náà ni ẹran màlúù tí a fi wáìnì pupa sè pẹ́, àti wàràkàṣì kí ìpápánu dídùn tó dé. Nígbà tí agbáwo fẹ́ bu wáìnì, ọmọ wa da ife tirẹ̀ dojú dé. Ó ní ẹni tí yóò fò kì í mu. A yìn ín gidigidi.

Ní agogo mẹ́rin, a padà dé pápá ọkọ̀. Ìhà àríwá ti ṣú. Ọmọ náà yẹ ìròyìn ojú ọjọ́ wò, ó ní a kò lè lọ. Inú wa kò dùn, nítorí a ti sanwó fún adìẹ Bresse ní ilé èrò wa fún oúnjẹ alẹ́: adìẹ oníyẹ̀ẹ́ funfun, ogbe pupa, ẹsẹ̀ búlúù, tí òfin ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1957. A wí pé, "Ìdajì wákàtí péré! Ṣé a kò ti mọ òjò kí a tó bí ọ?"

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí koríko. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Nílé, ohun tí ẹ bá wí ni n ó ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yìí, ẹ̀mí yín ni ó wà lọ́wọ́ mi; n kò lè fi ṣe ọ̀wọ̀ fún yín."

Ìyàwó wa dáhùn pé, "Adìẹ tí a kò jẹ lónìí, a lè jẹ ẹ́ lọ́la, bí a bá wà láàyè."

A fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí a kọjá Chalon, mànàmáná là, yìnyín sì ń lu fèrèsé bí òkò. Ọ̀nà tí à bá fò gan-an ni. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Nígbà tí a dé ilé èrò, adìẹ wa ti bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn; búrẹ́dì àti wàràkàṣì tútù ni a jẹ. A kò tíì dúpẹ́ lórí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin òbí, àwa tí a yin ọmọ náà ní ọ̀sán nítorí pé ó kọ wáìnì, àwa náà ni a bínú sí i ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu kan náà ni. Bí ẹ bá ti kọ́ ọmọ yín láti lè wí pé rárá, ẹ múra láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.