Nangbéto, níbi tí wọ́n ti sé odò Mono

Bí a bá tan iná nínú ilé, ó ṣọ̀wọ́n kí á bèèrè ibi tí ó gbà wá. Ẹ jẹ́ kí á jọ dé Nangbéto ní ilẹ̀ Tógò, lápá Atakpamé, ní ìtòsí àwọn ará wa Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Ana. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní baba ńlá àwọn ti wá, ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá sì tẹ́tí yóò mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Láti òkè Alédjo ni odò Mono ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ń lọ sí òkun lápá Grand-Popo. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé òkun, òun ni ààlà Tógò àti Benin. Kì í ṣe ti ẹnì kan nìkan. Ní 1968, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ìjọba méjèèjì dá ilé-iṣẹ́ iná kan ṣoṣo sílẹ̀, CEB. Iná Akosombo ní Gánà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Ṣùgbọ́n ọ̀dá 1983 sí 1984 mú omi Akosombo fà, iná kò sì tó Gánà fúnra rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nangbéto ní 1984, ó parí ní 1987.

Wọ́n mọ odi dí odò, omi kún sẹ́yìn rẹ̀. Agbára omi tí ń já bọ́ ni ó ń yí ẹ̀rọ méjì, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 65 mégawatt.

Omi tí ó kún sẹ́yìn odi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí adágún náà bá kún, ó tó 180 kìlómítà onígun mẹ́rin, ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ahoro tẹ́lẹ̀. Ó lé ní 7,000 ènìyàn tí ó ní láti kó kúrò. Wọ́n kọ́ ilé fún wọn, òótọ́ ni. Ibojì baba ẹni ńkọ́? Igi emi tí ìyá àgbà ti ń ṣa èso rẹ̀ ṣe òrí ńkọ́? Níbi tí wọ́n kó lọ, onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Bí ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oko ń dínkù. Lójú tiwa, owó gbà-má-bínú kì í tó irú èyí.

Ní ìsàlẹ̀ odò ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, Mono a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Nísinsìnyí ó ń ṣàn láti ọdún dé ọdún, omi ọ̀sà Grand-Popo kò sì ní iyọ̀ bíi ti àtijọ́; apẹja tí ń wá ẹja omi iyọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tí ń dẹ àwọ̀n lórí adágún ní tiwọn rí iṣẹ́ ṣe.

Àwọn ará Athiémé ti mọ àkúnya kí wọ́n tó mọ odi kankan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ tí adágún kún dé ẹnu, dandan ni kí wọ́n ṣí i. Nígbà náà, ìròyìn gbọ́dọ̀ dé Athiémé kí omi tó dé, kí ìyá ọlọ́mọ lè ráyè kó àgbàdo rẹ̀ sókè.